Ìṣẹ́tí Òkè

Maṣíìnì méjì ló wà nínú yàrá iwájú ilé náà. Ọ̀kan ni bàbá aránṣọ fi ń jẹun láti ọgbọ̀n ọdún. Èkejì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lábẹ́ aṣọ funfun, bí ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kò tíì dé. Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo ni bàbá rà á fún. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń da òróró sí i, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò tíì fẹsẹ̀ kàn án rí, nítorí jọ́gíráfì ló lọ kọ́ ní ilé-ìwé gíga. Àdéhùn wà láàárín wọn: bí ọmọ bá gba òdo nínú iṣẹ́ kan péré, á fi ìwé sílẹ̀, á wá jókòó sídìí maṣíìnì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí à ń wí yìí, aago ara ògiri ti kọjá mẹ́wàá díẹ̀. Bàbá ń fi eyín já òwú. Ọmọ já wọlé láti ẹ̀yìn ilé, bàtà ẹsẹ̀ kan ló wọ̀.

"Bàámi, ẹ káàárọ̀ o."

"O ti kí mi láàárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìkẹta yìí, kí lo fẹ́ gbà?"

"Pépà kan ni mò ń wá. Pépà rúsúrúsú, mo ká a, mo gbé e sórí tábìlì yín lánàá."

"Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, nǹkan kì í sọnù. Abẹ́rẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ mi lọ́dún tí wọ́n bí ọ, mo ṣì mọ igun tó wà."

"Pépà wá dà?"

"Pépà wo?"

"Bàámi! Máàpù mi ni. Òkè ẹ̀yìn ilé-ìwé wa, tí mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko wọ̀n. Tí aago méjìlá bá ti lù, olùkọ́ wa á ti ilẹ̀kùn. Ẹni tí kò bá rí nǹkan gbé síwájú wọn, òdo ni."

Bàbá yọ òwú kúrò lẹ́nu. Ojú rẹ̀ lọ sí abẹ́ aṣọ funfun, ó tètè fà á padà.

"Òdo," ni ó wí, bí ẹni ń tọ́ iyọ̀ wò.

"Ẹ má dùnnú, bàámi."

"Ta ló ń dùnnú? Mò ń ronú ni. Ẹ ń wọn òkè. Ta ló fẹ́ rán aṣọ fún un?"

"A ń wọ̀n ọ́n kí a lè mọ bó ṣe ga tó."

"Ẹni tó bá gùn ún, orúnkún rẹ̀ á sọ fún un."

"Ọ̀rọ̀ orúnkún kò ṣe é kọ sínú ìwé."

"Ọ̀rọ̀ ìwé náà ni mò ń bá bọ̀. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi tó kọ́ ìṣègùn, ó ń wo aláìsàn. Èyí tó kọ́ òfin, ó ń bá èèyàn rojọ́. Ìwọ Onímáàpù, kí ni wọ́n máa wá pè ọ́ sí lóru? Wọ́n á ní ẹ jọ̀wọ́, òkè kan ń ṣàìsàn?"

"Ó mà ń ṣàìsàn, bàámi. Òjò á wọ̀ ọ́ lára, á ya lulẹ̀ lé ilé èèyàn lórí. Ẹni tó mọ ìdúró ilẹ̀ ló máa ti sọ fún wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n má kọ́lé síbẹ̀."

"Wọ́n ń gbọ́?"

Ọmọ ronú díẹ̀. "Wọn kì í gbọ́."

"Ṣé o rí i? Èmi, bí mo bá sọ pé aṣọ kò ní gbà ọ́, o ò ní wọ inú rẹ̀. Kò sí àríyànjiyàn. Iṣẹ́ nìyẹn."

Ọmọ kò dúró gbọ́. Ó ti kúnlẹ̀ lábẹ́ tábìlì, ó ń tú àjákù aṣọ bí adìyẹ tó ń tú ààtàn. Ó yọjú níhà kejì pẹ̀lú okùn òwú lórí. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti dé igun yàrá, níbi tí ère aláìlórí tí bàbá máa ń wọ aṣọ fún dúró sí. Aṣọ aláwọ̀ ewé kan wà lára ère náà.

"Bàámi, kí nìyẹn?"

Bàbá gbé orí sókè. Láti àárọ̀ ló ti ń retí ẹni tó máa bi í.

"Ìyẹn? Àṣà tuntun ni. Oníbàárà mi kan ló ni í, obìnrin gíga kan tó mọ ohun tó ń fẹ́. Ó ti kó aṣọ wá láti ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní òun á fi pátánì ránṣẹ́. Mò ń retí, n kò rí nǹkan. Àfi bó ṣe pè mí lórí fóònù lánàá pé pátánì ti kúrò lọ́wọ́ òun tipẹ́. Mo jí ní aago márùn-ún, mo bá a lórí tábìlì."

"Lórí tábìlì yìí?"

"Ní kíká. Ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ń dúró dè mí. Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ránṣọ, n kò rí irú rẹ̀ rí. Èjìká ọ̀tún ga, tòsì dà lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Kò sí ọrùn. Télọ̀ tí kò lajú á ní pátánì náà kò dáa. Èmi mọ̀ pé oge ni."

Ọmọ rìn lọ bá ère náà, ẹsẹ̀ kan ń ró kò, èkejì kò ró. Ó fi ìka tọ síìpù kan tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ láti èjìká ọ̀tún, tó gba ẹ̀gbẹ́ ìdodo kọjá, tó sì parí sí ìbàdí òsì.

"Kí ló dé tí síìpù yìí fi rí báyìí?"

"Bí wọ́n ṣe yà á nìyẹn. Ìlà búlúù. Ó le láti rán, àmọ́ mo bá a jà, mo borí."

"Odò ni."

"Kí ni?"

"Odò tó ń ṣàn láti orí òkè wá sílẹ̀, bàámi. Odò lẹ fi síìpù sí."

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ọmọ. Ẹ̀rín náà kò mọ ibi tó máa gbà padà.

"Àwọn ojú abẹ́rẹ́ funfun tó dábùú àyà yìí ńkọ́?"

"Ìlà tó ń já, tó tún ń so. Ibi gbogbo láyé, ìlà tó bá ń já tó tún ń so, ibi ìrán ni."

"Ọ̀nà ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ mi yìí ni mo fi rìn ín."

"Bọ́tìnnì ńkọ́?" Bàbá fúnra rẹ̀ ló béèrè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Róńdó kékeré kan ló wà láàárín. Bọ́tìnnì ni mo pè é."

"Táńkì omi."

"Ọfà etí pépà, tó fi hàn mí ibi tí òwú aṣọ máa dojú kọ?"

"Àríwá ni, bàámi. Àríwá ayé."

Bàbá wo ère náà títí. "Ó dáa náà," ni ó wí. "Ó kúkú dojú kọ àríwá gan-an."

"Bàámi!"

"Dúró ná, dúró ná. Nọ́ńbà ńkọ́? Má sọ fún mi pé nọ́ńbà kì í ṣe sáìsì. Ọgbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n, títí dé méjìlélógójì. Àyà obìnrin nìyẹn! Oníbàárà mi, ogójì ni, èmi ni mo fi téèpù wọ̀n ọ́n."

"Mítà ni. Bí òkè náà ṣe ga tó sí ojú òkun."

"Òkun? Òkun wo? Láti ibí sí òkun, ọkọ̀ á sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó dé. Kí ló pa òkè wa pọ̀ mọ́ òkun?"

"Bí gbogbo ayé ṣe ń wọ̀n ọ́n nìyẹn."

"Gbogbo ayé ti gbàgbé ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé. Ó tiẹ̀ tún ku ibì kan. Ẹni tó ya pépà yẹn kò mọ iṣẹ́ rárá. Ó fi ọgbọ̀n sí ìta, ó wá fi méjìlélógójì sí àárín! Ṣé ẹni tínńrín ló máa wọ aṣọ ńlá ni? Mo bá a tún un ṣe. Mo fi ṣọ́ọ̀kì pa tirẹ̀ rẹ́, mo kọ tèmi: ńlá síta, kékeré sínú."

Ọmọ di orí mú.

"Bàámi, ẹ gbọ́. Lára òkè, bí ẹ ṣe ń wọ àárín lọ lẹ ṣe ń gòkè. Ìdí nìyẹn tí nọ́ńbà ńlá fi wà nínú. Bí ẹ bá yí i padà, àárín ló máa wá rẹlẹ̀ jù. Ẹ ti sọ òkè di kòtò."

"Èmi?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi gùn ún. Kí n tó jí láàárọ̀ yìí, ẹ ti gbẹ́ ẹ."

"Ẹni tó bá ní iṣẹ́ lọ́wọ́ kì í sùn di aago mẹ́sàn-án."

"Pépà ọ̀hún dà? Bó ti wù kó rí, ẹ fún mi."

Bàbá dìde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó nawọ́ sí ìṣó ara ògiri. Páálí méje ló so rọ̀ níbẹ̀ lórí okùn kan, láti orí èyí tó fẹ̀ bí àtẹ dé orí èyí tí kò ju àwo ìjẹun lọ.

"O mọ ìlànà ṣọ́ọ̀bù yìí. Pátánì tó bá wọlé, kì í jáde kí n má tíì ní tèmi. Mo gé sáìsì tó tóbi jù, mo yà á sórí páálí. Mo gé èyí tó tẹ̀ lé e láti inú rẹ̀, mo yà á. Bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí ó fi tán. Awẹ́ pépà tó bá ṣẹ́ kù, mo fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí páálí tirẹ̀. Kò sí èyí tó sọnù. Mo sọ fún ọ, nǹkan kì í sọnù nínú ṣọ́ọ̀bù mi."

Ọmọ wo páálí méje náà. Ó rìn lọ sẹ́bàá fèrèsé, ó ká aṣọ funfun kúrò lórí maṣíìnì kejì, ó jókòó.

"Kí lò ń ṣe níbẹ̀?"

"Àdéhùn ni. Òdo ti dé. Ẹ wá kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ̀ ọ́."

Ọ̀rọ̀ tí bàbá ti ń retí láti ọdún mẹ́ta nìyẹn. Ó ti lá a lálàá bí ó ṣe máa dùn tó. Ó wá rí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà lórí irin tí òun ti ń nù. Ó ti lé ròrò níbi tí okùn ìwọ̀n ti gé e. Ọmọ jókòó bí ẹni tó ń dúró de abẹ́rẹ́ dókítà. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn.

"Dìde níbẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ ṣáà ní—"

"Mo ní kí o dìde. Maṣíìnì kì í ṣe ìjókòó ẹni tó ń sunkún. Omi á wọ irin."

Ọmọ fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó dìde. Bàbá tú okùn páálí. Ó ń tò wọ́n sórí tábìlì bí ó ti máa ń tò wọ́n láti ọjọ́ tó ti ń kọ́ṣẹ́, èyí tó tóbi nísàlẹ̀, èyí tó kéré lórí rẹ̀. Kò wo ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe. Ọmọ ló ń wò.

"Ṣàlàyé fún mi. Ìlà tó yí po yìí, tó o ní kì í ṣe sáìsì, kí ló wà fún?"

"Gbogbo ibi tí ìlà kan bá gbà kọjá, gíga wọn dọ́gba. Bí ẹ bá ń tẹ̀ lé e yí òkè ká, ẹ ò ní gòkè, ẹ ò ní sọ̀ kalẹ̀."

"Yíká-yíká?"

"Yíká-yíká."

"Ìṣẹ́tí nìyẹn."

"Ẹ ní kí ni?"

"Ìṣẹ́tí aṣọ! Bí obìnrin bá wọ síkẹ́ẹ̀tì, tí mo fẹ́ mọ ibi tí màá ká etí rẹ̀ sí, kí ni mò ń ṣe? Màá kúnlẹ̀, màá gbé rúlà dúró lórí ilẹ̀, màá fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, màá yí i po. Bí ìdí rẹ̀ bá yọ, bí ikùn rẹ̀ bá yọ, ìlà á wọ́ síwá, á wọ́ sẹ́yìn, ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ dé ibẹ̀, ó dọ́gba. Àṣé ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń kúnlẹ̀ ṣe jọ́gíráfì, tí ẹnikẹ́ni kò fún mi ní ìwé-ẹ̀rí!"

"Bàámi."

"Kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún mi pé—"

"Bàámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má mira. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mọ́."

Bàbá dúró bí ère tirẹ̀. Ó rọra wo ìsàlẹ̀.

Páálí méje wà lórí ara wọn. Apá kan ga ṣòńṣó bí ògiri, èkejì dà lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀. Awẹ́ pépà kọ̀ọ̀kan sùn sórí àtẹ̀gùn tirẹ̀, ìlà búlúù sì ń bọ́ láti páálí dé páálí, kò já níbì kan, títí ó fi dé orí tábìlì.

"Òkè mi nìyẹn," ni ọmọ wí, jẹ́jẹ́.

"Ó ga o."

"Olùkọ́ wa ní kí a yà á. Wọ́n ní bí ẹnì kan bá lè gbé e nàró fún àwọn, àwọn á gbé e síwájú kíláàsì títí ọdún á fi parí. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. A ní ta ló máa gbé òkè nàró."

"Kí ni aago wí?"

"Mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú márùn-ún."

"Mú abẹ́rẹ́ ńlá wá, èyí tí mo fi ń rán àpò. Òwú onílọ̀ọ́po mẹ́ta. Pa nọ́ńbà mi rẹ́, dá tìrẹ padà, kí wọ́n má baà já sínú kòtò."

Bàbá ń gún, ọmọ ń fà. Bàbá ń kígbe pé kí ó má fà á jù, òkè kì í ṣe kọ́sẹ́ẹ̀tì. Ọmọ ń kígbe pé kí ó má gún odò. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n parí, bàbá fi àlùmọ́gàjí já bọ́tìnnì àárín aṣọ aláwọ̀ ewé, ó rán an mọ́ ṣóńṣó òkè.

"Táńkì omi," ni ó wí. "Ìlú kì í wà láìsí omi."

Aago mọ́kànlá ààbọ̀. Ọmọ gbé òkè lé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, ó kọjú sí ọ̀nà.

"Dúró ná, Onímáàpù. Tìrẹ ti bọ́ sí i, ó ku tèmi. Aago mẹ́rin ni oníbàárà mi ń bọ̀. Níbo lo gbé ojúlówó pátánì obìnrin náà sí?"

"Èmi? Ibo ni mo ti mọ oníbàárà yín?"

"Obìnrin gíga, ó wọ jígí, ó fi ìgbésẹ̀ wọn ẹnu ọ̀nà mi kó tó wọlé. Ó ní òun ń kọ́ ọ. Ó ní òun ti fi pátánì lé ọ lọ́wọ́ nínú kíláàsì. Kí lo rò pé mo rí tí mo fi gbà pé pépà tó o gbé sórí tábìlì mi ni?"

Ọmọ gbé òkè padà sórí tábìlì. "Olùkọ́ wa ló ni aṣọ yìí?"

"Bí o bá ń pè é bẹ́ẹ̀."

"Wọn ò fún mi ní pátánì kankan. Máàpù ni wọ́n fún mi. Wọ́n pín ilẹ̀ tí a kò mọ̀ fún wa, ẹnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú tirẹ̀, kí a wò ó, kí a kọ bí ibẹ̀ ṣe rí. Wọ́n mú ti àwọn yòókù lórí tábìlì. Tèmi ló kẹ́yìn, wọ́n yọ ọ́..."

"Wọ́n yọ ọ́ níbo?"

"Nínú àpò ìfàlọ́wọ́ wọn."

Bàbá nawọ́. Ọmọ ṣí àpò ìwé rẹ̀, ó yọ pépà rúsúrúsú kan. Bàbá tú u. Kò tiẹ̀ wá jígí ojú rẹ̀.

"Iwájú búláòsì. Ẹ̀yìn síkẹ́ẹ̀tì. Kọ́là."

"Kò lè jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Kí lo pe kọ́là?"

"Adágún omi," ni ọmọ wí fún ilẹ̀. "Mo ní ó tẹ̀ bí oṣù tuntun."

"Ibi tí apá ń gbà jáde?"

"Etíkun. Mo ní ọkọ̀ ojú omi lè gúnlẹ̀ síbẹ̀."

"Bọ́tìnnì márùn-ún yìí ńkọ́?"

"Abúlé márùn-ún lẹ́bàá títì. Mo kọ ọ́ pé... pé bí wọ́n ṣe jìnnà síra dọ́gba fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn ètò."

Bàbá fi ọwọ́ di tábìlì mú.

"Ọmọ télọ̀! Ọmọ tí mo fi téèpù ṣe ohun ìṣeré fún! Ó rí kọ́là, ó ní adágún!"

"Bàbá rẹ̀ rí òkè, ó fi síìpù sí i."

Wọ́n wo ara wọn.

"Ó dọ̀mì," ni bàbá wí. Ó tún tẹjú mọ́ pépà náà. "Kí ni yíǹkì pupa ìsàlẹ̀ yìí?"

"Máàkì ni. Wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n dá a padà fún mi ní Mọ́ńdè."

"Mélòó ni?"

"Mẹ́rìndínlógún nínú ogún. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, 'Ó hàn pé o mọ ilẹ̀ yìí dáadáa.'"

Bàbá ká pépà náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó lọ bo maṣíìnì kejì padà pẹ̀lú aṣọ funfun, ó fi ọwọ́ tẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Wọ bàtà ẹsẹ̀ kejì," ni ó wí.

"Àmọ́ bàámi, tí wọ́n bá dé ní aago mẹ́rin, kí lẹ máa sọ fún wọn? Òkè lẹ rán!"

Bàbá gbé òkè páálí lé ọmọ lọ́wọ́. Ó wo òkè aláwọ̀ ewé tó wà lára ère, ó fà á létí díẹ̀ kó lè jókòó dáadáa.

"Gbé tìrẹ máa lọ. Obìnrin tó fún síkẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀ ní mẹ́rìndínlógún, mélòó lo rò pé ó máa fún òkè tó bá a lára mu?"